Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì Kọ́ Ló Jẹ Owó Wa

Gbólóhùn kan wà tí gbogbo wa ti há sórí. Bí owó bá kúrò nínú àkáǹtì ẹni, tí kò sì dé ọ̀dọ̀ ẹni tí a fi ránṣẹ́ sí, gbólóhùn náà ni a ó gbọ́: “Ẹ má bínú, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ni.” Òṣìṣẹ́ báńkì á sọ ọ́, ọmọbìnrin tó ń lo ẹ̀rọ POS lábẹ́ agbòjò ńlá á sọ ọ́, oníbàárà tí ìyà jẹ á sì tún un sọ fún ara rẹ̀ bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí ni pé gbólóhùn náà kì í ṣe òótọ́. N kò sọ pé ẹni tó ń sọ ọ́ mọ̀ọ́mọ̀ ń parọ́; àṣà lásán ni, a kàn gbà á láìbéèrè. Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì a máa já, ta ni yóò jiyàn? Ṣùgbọ́n jíjá nẹ́tíwọ̀ọ̀kì nìkan kò tó láti sọ owó ènìyàn nù. Láàárín nẹ́tíwọ̀ọ̀kì tó já àti owó tó sọnù, ẹnìkan ti jókòó, ó ti ronú, ó sì ti pinnu ẹni tí yóò ru ẹrù náà.

Ẹ jẹ́ kí a mú Alákijà ní Amúwó-Ọ̀dọ̀fin ṣe àpẹẹrẹ. Ojú ọ̀nà márosẹ̀ tó ti Èkó lọ sí Àgbádárìgì ni ó wà, kò sì jìnnà sí Festac Town tí ìjọba kọ́ nítorí àjọ̀dún àṣà àwọn ènìyàn dúdú ti ọdún 1977. Ibi ọjà ni, ibi ọkọ̀ ni, ibi tí ènìyàn ti ń sáré ni. Ẹnìkan ra ìrẹsì àti òróró, ó fi owó ránṣẹ́ láti orí fóònù rẹ̀. Fóònù tirẹ̀ sọ pé owó ti kúrò. Fóònù ìyá tó ń tajà dákẹ́ rọ́rọ́. Oníbàárà ní òun ti sanwó, ọjà òun lòun ń dúró dè. Ìyá ní alẹ́ẹ̀tì kò wọlé, ọjà òun kò gbọdọ̀ kúrò nílẹ̀. Kò sì jẹ̀bi, nítorí àwọn gbájúẹ̀ tó ń fi ayédèrú alẹ́ẹ̀tì kó ọjà lọ ti kọ́ ọ lọ́gbọ́n. Òótọ́ ni àwọn méjèèjì ń sọ, síbẹ̀ wọ́n ń wo ara wọn bí olè. Ẹni tó fa ìjà náà kò sí níbẹ̀, kò tilẹ̀ mọ̀ pé ìjà ń lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé àwa la fi ọwọ́ ara wa yan ọ̀nà yìí. Ọdún 1993 ni wọ́n dá NIBSS sílẹ̀, ilé iṣẹ́ tí CBN, báńkì àpapọ̀ ilẹ̀ wa, àti àwọn báńkì yòókù jọ ni, tó ń so wọ́n pọ̀ mọ́ ara wọn. Ní ọdún 2011, NIBSS gbé ètò NIP jáde, owó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ti báńkì kan dé òmíràn lójú ẹsẹ̀. Ní ọdún 2012, Èkó yìí ni CBN ti kọ́kọ́ dán ètò tó fẹ́ dín níná owó beba kù wò. Lẹ́yìn náà ni ti ọjọ́ 26, oṣù kẹwàá, ọdún 2022 dé, nígbà tí CBN kéde pé òun yóò pààrọ̀ àwọ̀ owó náírà. Wọ́n fi gbèdéke sí ọjọ́ 31, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2023. Wọ́n tún sún un sí ọjọ́ 10, oṣù kejì. Owó beba di ohun àwátì. Títí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fi dájọ́ ní ọjọ́ 3, oṣù kẹta, ọdún náà pé a ṣì lè ná owó àtijọ́, ẹni tí kò lè fi owó ránṣẹ́ láti orí fóònù tàbí kí ó rí ẹ̀rọ POS, ebi ló ń dúró dè é. Wọ́n ti ènìyàn sórí afárá láìbéèrè bóyá afárá náà lè gbà á. Ní àwọn ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn ni gbogbo ìlú mọ ohun tí “owó ti kúrò, kò dé” túmọ̀ sí.

Kí ni afárá náà gan-an? Ibí ni ó yẹ kí ará ìlú ti farabalẹ̀, nítorí ẹni tí kò mọ bí nǹkan ti ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n máa ń fi “nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ni” tàn jẹ.

Nínú ìlànà tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ sọ́fítíwíà ń tẹ̀ lé, wọ́n máa ń pín iṣẹ́ fún àwọn ohun kéékèèké tí wọ́n ń pè ní object. Object kan dà bí òṣìṣẹ́ tó ní àpótí tirẹ̀. Òun nìkan ló lè ki ọwọ́ bọ inú àpótí náà; ẹni tó bá fẹ́ nǹkan níbẹ̀, iṣẹ́ ni yóò bẹ̀ ẹ́. A lè ka àkáǹtì rẹ sí irú object bẹ́ẹ̀: ó mọ iye tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó mọ bí a ti ń yọ owó, ó sì mọ bí a ti ń fi owó kún un. Bí àkáǹtì méjì bá wà nínú kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ rọrùn: yọ níbí, fi kún ibẹ̀, ó parí. Ṣùgbọ́n àkáǹtì oníbàárà wa wà nínú ẹ̀rọ báńkì kan, ti ìyá ọlọ́jà wà nínú ẹ̀rọ báńkì mìíràn, wáyà àti òpó ló sì wà láàárín wọn. Sọ́fítíwíà tó ń gbé iṣẹ́ láti ọ̀dọ̀ ọ̀kan dé ọ̀dọ̀ èkejì ni wọ́n ń pè ní middleware. Èmi yóò pè é ní alárinà, nítorí iṣẹ́ alárinà gan-an ló ń ṣe.

Àwọn àgbà ní bí ìyàwó bá mojú ọkọ tán, alárinà a yẹ̀ba. Ohun tí àwọn tó kọ́kọ́ ṣe irú sọ́fítíwíà yìí lépa nìyẹn. Ní ọdún 1989, àwọn ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà kóra jọ ní Amẹ́ríkà, wọ́n dá ẹgbẹ́ OMG sílẹ̀. Ní ọdún 1991 wọ́n gbé ìlànà kan jáde tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ CORBA. Ní ọdún 1997, èdè Java náà gbé tirẹ̀ dé, ó pè é ní RMI. Ìlérí wọn dùn létí: ẹ̀yin tó ń kọ sọ́fítíwíà, ẹ má da ara yín láàmú nípa ibi tí object wà, ẹ pè é bí ẹni pé inú yàrá kan náà ni ẹ jọ wà, alárinà yóò ṣe ìyókù, ẹ kò tilẹ̀ ní í rí i.

Ibẹ̀ ni ẹ̀tàn wọlé. Kò pẹ́ kò jìnnà tí àwọn ẹnjiníà fi ké gbàjarè. Ní ọdún 1994, Jim Waldo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ Sun Microsystems kọ ìwé kan tí àwọn onímọ̀ ṣì ń kà títí di òní. Kókó ọ̀rọ̀ wọn ni pé object tó wà nítòsí àti èyí tó wà lọ́nà jíjìn kò lè jẹ́ ọgbà kan náà láé, ẹni tó bá sì kọ sọ́fítíwíà bí ẹni pé ọ̀kan náà ni wọ́n ń kọ́ ilé sórí iyanrìn. Ìgbéyàwó tiwa yìí, ìyàwó kò ní í mojú ọkọ láé. Báńkì kan kò lè rí inú ẹ̀rọ báńkì kejì. Nítorí náà alárinà kò gbọdọ̀ yẹ̀ba. Ó gbọ́dọ̀ dúró, kí ó sì jẹ́ olóòótọ́.

Ẹ wo ìyàtọ̀ náà. Ká ní o rán ọmọ láti Alákijà lọ sí Satellite Town pé kí ó lọ fi owó kan lé ẹ̀gbọ́n rẹ lọ́wọ́, tí ilẹ̀ sì ṣú tí ọmọ kò padà. Kí ló ṣẹlẹ̀? Ó lè jẹ́ pé ọmọ kò dé ibẹ̀ rárá. Ó lè jẹ́ pé ó dé ibẹ̀, kò sì bá ẹnikẹ́ni nílé. Ó sì lè jẹ́ pé ó ti fi owó náà jíṣẹ́ tán, ọ̀nà àbọ̀ ni nǹkan ti dá a dúró. Ìwọ tó wà nílé kò lè mọ èyí tó jẹ́. Bí o bá tún rán ọmọ mìíràn pẹ̀lú owó mìíràn, ẹ̀gbọ́n lè gba owó lẹ́ẹ̀mejì. Bí o kò bá rán an, ó lè má gba kọ́bọ̀. Nínú kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo, ìdáhùn méjì ló wà: ó ṣeé ṣe, tàbí kò ṣeé ṣe. Láàárín kọ̀ǹpútà méjì, ìdáhùn kẹta wà: a kò mọ̀.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí owó wa gan-an nìyẹn. Báńkì tìrẹ á kọ́kọ́ yọ owó lára àkáǹtì rẹ, á fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí NIBSS, NIBSS á gbé e dé báńkì ẹnìkejì, báńkì náà á fi owó kún àkáǹtì, á sì dá èsì padà gba ọ̀nà tí iṣẹ́ gbà wá. Bí okùn bá já lọ́nà àbọ̀, owó lè ti dé kí báńkì rẹ má mọ̀. Bí ó bá já lọ́nà àlọ, owó kò dé, báńkì rẹ kò sì tún mọ̀. Nígbà yìí, ẹni tó kọ sọ́fítíwíà gbọ́dọ̀ pinnu. Bí ó bá dá owó padà fún ọ lójú ẹsẹ̀, tí ó sì wá jẹ́ pé ó ti dé ibi tó ń lọ, báńkì ni yóò pàdánù. Bí ó bá di owó náà mú, ìwọ ni yóò jìyà títí wọn yóò fi mọ òótọ́. Ìyèméjì wà, kò sí ẹni tó lè mú un kúrò. Ìbéèrè tó ṣẹ́kù ni pé àpò ta ni yóò gbé ìyèméjì náà? Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, àpò rẹ ni wọ́n yàn, àti àpò ìyá ọlọ́jà. Wáyà kò lè ṣe irú ìpinnu bẹ́ẹ̀. Ènìyàn ló ṣe é.

Bí ó bá jẹ́ pé aráyé kò tíì rí oògùn àrùn yìí ni, ǹ bá pa ẹnu mọ́. Ṣùgbọ́n oògùn náà ti wà láti ayé baba àwọn tó ń kọ áàpù báńkì lónìí. Ní àwọn ọdún 1980, Barbara Liskov àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ MIT ṣe èdè kan tí wọ́n pè ní Argus, nínú èyí tí object lè la ìdákú ẹ̀rọ kọjá kí ó sì rántí ibi tó bá iṣẹ́ dé. Obìnrin yìí ni wọ́n fún ní ẹ̀bùn Turing ti ọdún 2008, ẹ̀bùn tó ga jù lọ nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà. Ní yunifásítì Newcastle ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Santosh Shrivastava àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ètò Arjuna fún irú iṣẹ́ kan náà. Jim Gray pẹ̀lú ti kọ ọ́ kalẹ̀ láti ọdún 1978 bí ẹ̀rọ púpọ̀ ṣe lè fẹnu kò pé kí gbogbo wọn ṣe iṣẹ́ kan tàbí kí ẹnikẹ́ni nínú wọn má ṣe é.

Ohun tí wọ́n fi kọ́ wa kò ṣòro fún ọmọ Yorùbá láti lóye. Èkíní, kọ ohun tí o fẹ́ ṣe sínú ìwé kí o tó ṣe é, kí o lè rántí bí iná bá lọ tó sì padà dé. Èkejì, fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, kí ẹni tó ń gbà á lè mọ̀ bí ó bá ti rí i rí. Àwọn alájọ wa mọ èyí dunjú. Alájọ á ní káàdì, àpótí kan fún ọjọ́ kan. Bí ó bá ti fàlà sí ti ọjọ́ Ajé, bí ó padà wá nígbà mẹ́wàá, kò ní í gba owó ọjọ́ Ajé mọ́. Nítorí àmì yẹn, kò sí ewu nínú pé kí ó padà wá béèrè. Bákan náà, bí iṣẹ́ bá ní nọ́ńbà, báńkì lè tún un rán nígbà mẹ́wàá láìbẹ̀rù, ẹ̀ẹ̀kan náà ni owó yóò wọlé. Ẹ̀kẹta, bí èsì kò bá dé, béèrè. Má ṣe gbàgbé, má sì ṣe méfò.

Ẹ sì wò ó, irinṣẹ́ wọ̀nyí wà nílé wa níhìn-ín. Gbogbo owó tó bá gba orí NIP kọjá ló ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ tirẹ̀, ó tó ọgbọ̀n nọ́ńbà ní gígùn. Ọ̀nà sì wà nínú ètò náà tí báńkì lè fi béèrè ibi tí iṣẹ́ dé. Ilé kún fún omi, òùngbẹ sì ń gbẹ wá. Ohun tí a kò ní ni ẹni tí yóò sọ pé dandan ni kí a lò ó dáadáa.

Mo mọ ohun tí àwọn agbẹjọ́rò ẹ̀rọ yóò sọ. Wọn yóò ní Nàìjíríà kì í ṣe Jámánì: iná kò dúró, àwọn tó ń ṣe ọ̀nà ń gé wáyà, àní òkun gan-an kò fi wá sílẹ̀. Òótọ́ ni. Ní ọjọ́ 14, oṣù kẹta, ọdún 2024, àwọn wáyà ńlá abẹ́ òkun bàjẹ́ nítòsí Ivory Coast, iṣẹ́ àwọn báńkì wa sì mì lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí yìí, ọ̀dọ̀ mi ni ó wà, kò sí lọ́dọ̀ wọn. Ẹni tó mọ̀ pé òjò ń rọ̀ ní ìlú òun, ṣé yóò kọ́ ilé láì fi òrùlé sí i? Ibi tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ti máa ń já jù lọ ni alárinà ti gbọ́dọ̀ gbọ́n jù lọ. Àwọn ará Jámánì lè fara da sọ́fítíwíà tó gbàgbé. Àwa kò lè fara dà á.

Àwọn tó mọ̀wé jù bẹ́ẹ̀ lọ yóò ní wọ́n ti fi ìmọ̀ ìṣirò hàn pé balógun méjì tó wà lórí òkè méjì, tí ọ̀tá sì lè mú ìránṣẹ́ wọn lọ́nà, kò lè fẹnu kò pẹ̀lú ìdánilójú pátápátá. Mo gbà. Kò sẹ́ni tó lè ṣèlérí pé a ó mọ òótọ́ ní ìṣẹ́jú yìí gan-an. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń béèrè ìyẹn. Ohun tí a ń béèrè ni pé nígbà tí ọ̀nà bá là, kí ẹ̀rọ méjèèjì fi ìwé wọn wéra fúnra wọn, kí owó sì bọ́ sí ibi tó yẹ, láìjẹ́ pé ìyá ọlọ́jà pa ìsọ̀ rẹ̀ dé láti lọ tò ní báńkì.

CBN kò ṣàì gbìyànjú. Láti ọjọ́ 8, oṣù kẹfà, ọdún 2020, ó pàṣẹ pé bí ATM báńkì tìrẹ bá yọ owó lára rẹ láì san án, kí ó dá a padà lójú ẹsẹ̀, bí kò bá sì ṣeé ṣe bẹ́ẹ̀, láàárín wákàtí 24. Bí ó bá jẹ́ ATM báńkì mìíràn, wákàtí 48. Ti POS àti orí íntánẹ́ẹ̀tì, wákàtí 72. Ó dára ju ohun tó wà tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n wákàtí 72 jẹ́ ọjọ́ mẹ́ta, owó ọjà òní sì ni ẹni tó ń ta tòmátì fi ń ra ti ọ̀la. Jù bẹ́ẹ̀ lọ, aago ni òfin náà kà, kò wo bí wọ́n ti kọ́ ilé náà.

Ohun mẹ́rin ni mo rò pé ó yẹ kí CBN fi òfin dè. Àkọ́kọ́, kí fóònù sọ òótọ́. Níbi iṣẹ́ ìwé ìròyìn tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, ìròyìn tí a kò tíì fìdí rẹ̀ múlẹ̀, a kì í kọ ọ́ bí èyí tó dájú. Kí áàpù báńkì má sọ pé “ó ti lọ” nígbà tí kò mọ̀. Ó ti dé, kò dé, a kò tíì mọ̀: ọ̀rọ̀ mẹ́ta náà ti tó. Èkejì, kí nọ́ńbà iṣẹ́ náà hàn lójú fóònù ẹni tó sanwó, kí ẹni tó ń tajà sì lè fi í béèrè lọ́wọ́ báńkì tirẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Èyí yóò tún ti àwọn oníjìbìtì alẹ́ẹ̀tì mọ́ ìta. Ẹ̀kẹta, kí ó di ojúṣe ẹ̀rọ láti wá owó tó sọnù, kí ó má jẹ́ ojúṣe olówó. Ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ kò mọ ibi tí owó wà ni kí ó ru ìyèméjì náà. Ẹ̀kẹrin, kí báńkì kọ̀ọ̀kan máa tẹ̀ ẹ́ jáde lóṣooṣù iye iṣẹ́ tó kùnà lọ́wọ́ rẹ̀ àti iye wákàtí tí owó fi padà. Bí ojú bá ti àwọn olórí báńkì lẹ́ẹ̀kan, wọn yóò rí owó tí wọn yóò fi gba àwọn ẹnjiníà tó mọ iṣẹ́.

Sí ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, ní LASU tó wà ní Ọjọ́ nítòsí Alákijà àti níbi gbogbo: bí olùkọ́ yín bá fi hàn yín bí object kan ti ń pe èkejì, ẹ na ọwọ́ sókè, kí ẹ bi í pé, “Bí okùn bá já ńkọ́?” Ìbéèrè yẹn ló ya ẹni tó ń kọ sọ́fítíwíà fún yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó ń kọ ọ́ fún ọjà. Ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Ẹni tó rán sọ́fítíwíà yín níṣẹ́ kì í ṣe olórí báńkì. Ẹni tó ra ìrẹsì àti ẹni tó tà á ni.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ìyà tí a bá ti fún ní orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀, kì í tètè tán. Bí a bá ń pè é ní nẹ́tíwọ̀ọ̀kì, a ó máa wojú òpó àti ojú ọ̀run, kò sì sí ẹni tí yóò dáhùn. Bí a bá pè é ní ìpinnu, a ó wá ẹni tó pinnu. Nítorí náà, bí wọ́n bá tún sọ fún yín pé nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ni, ẹ má bínú, ẹ má sì dákẹ́. Ẹ dá wọn lóhùn pé: “Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì já, mo gbà. Owó mi ńkọ́?”